Ẹ̀fọ́ Tútù Nígbà Ọ̀gbẹlẹ̀

Nígbà tí àrùn kòrónà wọ Orílẹ̀-èdè Benin ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ibẹ̀ kò ti gbogbo ará ìlú mọ́lé bí wọ́n ti ṣe ní Faransé tàbí ní Èkó. Ààrẹ Patrice Talon sọ ọ́ ní gbangba pé Benin kò ní irú agbára tí àwọn orílẹ̀-èdè olówó ní, àti pé bí a bá sé ẹni tó ń fi iṣẹ́ òòjọ́ jẹun mọ́lé, ebi ni yóò pa á. Ohun tí wọ́n ṣe ni pé láti ọjọ́ 30 oṣù náà, wọ́n pa ààlà yí Cotonou, Porto-Novo, Ouidah, Allada àti àwọn ìlú ìtòsí wọn ká. Ará inú kò gbọdọ̀ jáde, ará ìta kò gbọdọ̀ wọlé, àfi ọkọ̀ ẹrù. Dassa-Zoumè, Ìdáàṣà tiwa, wà ní nǹkan bí igba kìlómítà sí Cotonou, kò sì sí nínú ààlà náà. Síbẹ̀ ìdákẹ́rọ́rọ́ bá wa nílé. Ilé-ìwé tì. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sáláásí tì, ní ìlú tí ihò àpáta Arigbo ń kó èrò Kátólíìkì jọ lọ́dọọdún. Oríta wa ni ọ̀nà Parakou àti ọ̀nà Djougou ti ń pínyà. Ibẹ̀ ni èrò tó bá ti Cotonou bọ̀ ti máa ń sọ̀ ra ẹ̀kọ, ra wàgáṣì, ra ẹ̀pà. Nígbà tí bọ́ọ̀sì dáwọ́ dúró, àwọn tó ń tajà fún èrò wá jókòó sílé.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀yìnkùlé di oko. Àwa nìkan kọ́ ló ṣe é. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ Burpee, tó ti ń ta irúgbìn láti ọdún 1876, sọ pé irúgbìn tí àwọn tà ní oṣù Kẹta 2020 ju ti oṣù èyíkéyìí lọ látìgbà tí wọ́n ti dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ẹni tó wà nílùú òyìnbó gbin tòmátò sínú ìkòkò lójú fèrèsé; ará Ìdáàṣà gbin tẹ̀tẹ̀ sínú àpò ìrẹsì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbọ́ irú ìyìn kan: pé ẹni tó lo àkókò yẹn dáadáa, tó jẹ ẹ̀fọ́ ọwọ́ ara rẹ̀, tí kò tọrọ, tí kò yáwó, ọmọlúàbí gidi ni. Mo fẹ́ gbé ìyìn náà sórí òṣùwọ̀n, nítorí mo rò pé ìdajì rẹ̀ ló kún.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá, nígbà tó ń ṣàlàyé ohun tí Yorùbá ń wò lára ọmọlúàbí, ka ọ̀rọ̀ sísọ, ìtẹríba, inú rere sí ẹlòmíràn, òtítọ́, ìwà, akíkanjú, iṣẹ́ àti ọpọlọ pípé. Ẹ yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ àti ọpọlọ ni èèyàn lè dá nìkan lò nínú ọgbà rẹ̀. Ní ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù, ẹnìkejì gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀: ta lo bá sọ̀rọ̀, ta lo tẹrí ba fún, ta lo ṣe lóore, ta lo sọ òótọ́ fún? Ọgbà tó wà láàárín ògiri mẹ́rin lè jẹ́rìí pé ẹni tó ni ín kì í ṣe ọ̀lẹ. Ẹ̀rí rẹ̀ kò kọjá ibẹ̀. Ibi tí ọgbà bá ti kan aládùúgbò ni ká ti wọn ìwà.

Ká kọ́kọ́ fún iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Àpáta ló yí wa ká. Ìlú òkè mọ́kànlélógójì (41) ni wọ́n ń pe ìlú wa, ilẹ̀ tó wà láàárín ilé kò sì jinlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi. Ẹni tó fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ á ru erùpẹ̀ wá láti ìsàlẹ̀, á pò ó mọ́ ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti gbẹ dáadáa, á kó o sínú àpò tó ti dá lu nídìí. Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ kéré púpọ̀, nítorí náà á pò ó mọ́ iyanrìn kó tó fọ́n ọn, kó má baà hù jọ sójú kan. Irúgbìn ewédú lórí kunkun: bí a kò bá ta omi gbígbóná sí i kí a tó gbìn ín, ó lè sùn sínú ilẹ̀ láìjí. Bí tẹ̀tẹ̀ bá tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹni tó gbọ́n kì í fà á tu. Orí rẹ̀ ló ń já, kó lè yọ ẹ̀ka lẹ́gbẹ̀ẹ́, kó lè padà wá já a lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó ṣe èyí ní ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ń ka àjà, ó yẹ ká kí i kú iṣẹ́.

Omi ńkọ́? Oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ẹ̀ẹ̀rùn ṣì ń jà, òjò kò tíì jókòó. Nínú ilẹ̀ àpáta, omi abẹ́ ilẹ̀ kì í pọ̀. Ibi tí àpáta bá ti sán ló ń sápamọ́ sí. Ẹnìkan á gbẹ́ kànga, á kan omi. Ẹnìkejì á gbẹ́ tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, á bá òkúta gbígbẹ. Ìdí nìyẹn tí basíà fi ń tò sídìí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́. Lọ́dún yẹn gan-an, ìjọba tún ní ká máa fi ọṣẹ fọwọ́ nígbà gbogbo, nítorí náà omi tí ilé kọ̀ọ̀kan ń lò pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo àárọ̀ kan nídìí ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ́kùnrin kan ti ọmọlanke dé, kẹ́ẹ̀gì mẹ́wàá ló wà nínú rẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ dé, òfin ìlà sì ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ pọn. Ẹni tó tẹ̀ lé e jẹ́ ìyá àgbàlagbà tó gbé basíà kan ṣoṣo, omi tí ilé rẹ̀ yóò mu lọ́jọ́ náà. Bí ọ̀dọ́kùnrin yìí bá pọn kẹ́ẹ̀gì rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán kó tó kúrò, kò rú òfin kankan. Bó bá yíjú padà tó ní, “Ìyá, ẹ gbé basíà yín wá, ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ fi bomi rin, ó lè dúró,” ìṣẹ́jú mélòó kan péré ló ná an. Àlàfo tó wà láàárín ìwà méjèèjì yìí ni ọmọlúàbí wà, òfin ìlà kò sì lè dé ibẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, “Mo sanwó omi mi.” Òótọ́ ni, ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Benin, owó la fi ń pọnmi, basíà kọ̀ọ̀kan ní iye tirẹ̀. Òmíràn á ní ẹ̀fọ́ tí òun ń bomi rin, àdúgbò náà ni yóò jẹ nínú rẹ̀. Àwíjàre méjèèjì wúwo. Ṣùgbọ́n owó tó sọ omi di tìrẹ kò sọ òǹgbẹ ẹlòmíràn di ohun tí kò kàn ọ́. Kò sì sẹ́ni tó ní ká má gbin nǹkan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀; irú omi tí a fi rin ín àti wákàtí tí a lọ pọn ọ́n la ń wò. Omi tí a fi ṣan ìrẹsì, omi tí a fi fọ ẹ̀fọ́, gbogbo rẹ̀ ni tẹ̀tẹ̀ ń mu. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìdí ẹ̀rọ bá ti fúyẹ́, ni kí ọlọ́gbà lọ. Bí a bá ń gé igi nínú igbó, ká fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà wà ńlẹ̀. Ewúrẹ́ kò gbọ́ pé kòrónà dé. Bó ti ń jẹ̀ tẹ́lẹ̀ náà ló ń jẹ̀. Ẹni tó ní ẹ̀fọ́ yẹ kó ṣọgbà, ẹni tó ní ẹran yẹ kó so ó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí okùn bá já là ń mọ ìwà. Ẹnìkan á sọ òkúta lu ẹran títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi kán. Ẹlòmíràn á fà á lọ bá olówó rẹ̀, á ní, “Ẹ̀gbọ́n, àlejò yín wá jẹun lọ́dọ̀ mi lónìí o.” Wọ́n á rẹ́rìn-ín, ìtìjú á sì ti ẹni tó ní ẹran débi pé okùn tuntun ni yóò rà. Ẹnu dídùn ṣe iṣẹ́ tí òkúta kò lè ṣe.

Èyí tó nira jù ni fífúnni. Ní àsìkò tí mò ń sọ yìí, awakọ̀ tí kò rí ọ̀nà, obìnrin tó ń gbé búrẹ́dì sáré lẹ́yìn bọ́ọ̀sì, olùkọ́ ilé-ìwé aládàáni tí owó oṣù rẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn òbí, kì í ṣe alágbe ni wọ́n, wọn kì í sì í fẹ́ kí ojú ẹ̀bẹ̀ hàn lára wọn. Ẹni tó bá ní ẹ̀fọ́ yẹ kó mọ bí a ti ń fún irú wọn: kó rán ọmọ lọ pẹ̀lú ìdì kan, kó ní kí ọmọ náà sọ pé, “Màmá mi ní kí ẹ bá àwọn tọ́ ọ wò.” Bó bá mú fóònù dání, tó ní kí ẹni tó gbà á dúró kí òun ya fọ́tò, ó ti gba ju iye ẹ̀fọ́ rẹ̀ lọ padà. Èyí burú ju kó má fún un rárá lọ, nítorí ahun ń fi ebi pa èèyàn. Afúnni-polongo ń mú iyì rẹ̀ lọ mọ́ ọn.

N kò bá ìgbádùn wí. Ọ̀sán lábẹ́ igi máńgò, rédíò tó ń kọrin jẹ́jẹ́, ọpọ́n ayò, àmàlà gbígbóná pẹ̀lú ewédú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já, Ọlọ́run kò ka èyí sí ẹ̀ṣẹ̀. Yorùbá fẹ́ràn ìtẹ́lọ́rùn. Àmọ́ ìtẹ́lọ́rùn jẹ́ ohun tí èèyàn ń sọ fún ara rẹ̀. Bí ẹni tó ti yó bá ń sọ ọ́ fún ẹni tí ebi ń pa, ó ti di ẹ̀gàn. Mo gbọ́ àwọn tó ní ìgbà yẹn ló dára jù láyé àwọn, nítorí ariwo dákẹ́. Ariwo tó dákẹ́ létí wọn, owó oúnjẹ ló jẹ́ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó bá gbádùn ìdákẹ́jẹ́ náà láìrántí èyí kò ṣẹ ìjọba, ó ṣẹ aládùúgbò.

Àwọn òkè tó yí Ìdáàṣà ká ti rí ìhámọ́ tó le ju ti kòrónà lọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún 19, nígbà tí ogun Dàhòmì ń kó èèyàn lọ, orí wọn ni àwọn baba wa sá sí, bí àwọn Ẹ̀gbá náà ti fi Olúmọ ṣe ààbò. Ilẹ̀ orí òkè kò fẹ̀, omi rẹ̀ kò pọ̀. Ẹni tó bá há omi tàbí èlùbọ́ mọ́ ara rẹ̀ lórí òkè ogun, iṣẹ́ ọ̀tá ló ń bá wọn ṣe.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún 2020, wọ́n ká ààlà náà kúrò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹfà, ilé ìjọsìn ṣí. Bọ́ọ̀sì padà sórí ọ̀nà, ọlọ́jà padà sí oríta, ọ̀pọ̀ àpò ẹ̀fọ́ sì gbẹ sídìí ògiri. Kò dùn mí, nítorí ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá jí gbọ́dọ̀ padà sídìí rẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ kó gbẹ ni ètò tí àdúgbò lè fi lélẹ̀ nídìí omi: omi mímu ṣáájú omi ọgbà, àgbàlagbà ṣáájú ọ̀dọ́, ọlọ́gbà ní ìrọ̀lẹ́. Baálé àti àwọn ìyá àdúgbò lè fi ọ̀sán kan jókòó lé e, kò ní ná ẹnikẹ́ni ní sẹ́ẹ́fà kan. Ọ̀gbẹlẹ̀ kì í dúró de àrùn, ọdọọdún ló ń dé. Ọlọ́gbà tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọlúàbí ni òun, kó má wo bí ẹ̀fọ́ òun ṣe tutù tó. Kó lọ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ń tò sẹ́yìn rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ omi.