Ta Ni Onígbọ̀wọ́? Ọ̀rọ̀ Lórí Ogun Ukraine àti Àwọn Tí Wọ́n Ràn Án Lọ́wọ́

Ìbéèrè kan wà tí ó ti ń jẹyọ nínú ìpàdé kíláàsì àti nínú ìkẹ́kọ̀ọ́ Bíbélì wa láti ìgbà tí Rọ́ṣíà ti gbógun wọ Ukraine ní ọjọ́ 24 oṣù Kejì ọdún 2022, tí a kò sì tíì jókòó tì í dáadáa. Bí alágbára bá wọ ilé aládùúgbò rẹ̀, tí ó ń lù ú, kí ni ó tọ́ kí àwọn tí ó wà nítòsí ṣe? Ṣé kí wọ́n wọlé lọ bá a jà ni? Ṣé kí wọ́n na ọ̀pá sí ẹni tí wọ́n ń lù láti ojú fèrèsé? Ṣé kí wọ́n má ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ń lu ènìyàn mọ́? Tàbí kí wọ́n ti ilẹ̀kùn wọn, kí wọ́n máa gbàdúrà?

Àwọn kan láàrin wa sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó ni, kí a fi wọ́n sílẹ̀. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá ń ta búrẹ́dì tàbí tí ó ń dín pọfupọ́ọ̀fù ní ọdún 2022 mọ̀ pé ogun náà tètè dé ọjà wa, nítorí pé Rọ́ṣíà àti Ukraine wà lára àwọn tí ń ta àlìkámà jù lọ fún ayé. Àwọn ọmọ wa náà wà níbẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ukraine, púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àwọn kan sì sọ pé nígbà tí àwọn dé ẹnu ibodè Póláńdì, wọ́n tì àwọn sẹ́yìn kí àwọn aláwọ̀ funfun lè kọ́kọ́ kọjá. Ìjọba wa fi ọkọ̀ òfúrufú kó púpọ̀ nínú wọn wálé ní oṣù Kẹta ọdún náà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹta yẹn kan náà, ní ìpàdé gbogbogbòò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, orílẹ̀-èdè 141 ní kí Rọ́ṣíà kó ogun rẹ̀ kúrò, márùn-ún kọ̀, 35 kò dìbò sí ibì kankan. Nàìjíríà wà lára àwọn 141. Orílẹ̀-èdè wa ti lahùn, kò sì sí ohun tí ó ní kí àwa obìnrin ìjọ má ronú sí i.

Ẹni tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ yìí gbọ́dọ̀ padà sí ọdún 1994. Nígbà tí Ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì túká ní ọdún 1991, àwọn bọ́ǹbù átọ́mù tí ó wà lórí ilẹ̀ Ukraine pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ ibi kẹta ní gbogbo ayé. Òótọ́ ni pé Mọ́sko ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n inú ilé Ukraine ni ẹrù náà wà. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1994, ní ìlú Budapest, wọ́n jókòó, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé. Ukraine gbà láti yọ̀ǹda gbogbo rẹ̀. Rọ́ṣíà, Amẹ́ríkà àti Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn yóò bọ̀wọ̀ fún ààlà ilẹ̀ rẹ̀, àwọn kò sì ní fi agbára ogun kọlù ú. Nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹfà ọdún 1996, gbogbo bọ́ǹbù náà ti kúrò nílẹ̀. Ẹ kíyèsí ibi tí wọ́n kó o lọ: Rọ́ṣíà ni. Ọwọ́ ẹni tí ó padà wá gbógun tì í ni ohun ìjà rẹ̀ bọ́ sí.

Àwa tí a ń dá èésú, tí a sì ń yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹsẹ́kù, mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹlẹ́rìí àti onígbọ̀wọ́. Bí onígbèsè bá sá lọ, ẹlẹ́rìí á ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó gba owó.” Onígbọ̀wọ́ ní tirẹ̀ á tú àpò rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ ìwé Budapest mọ ìyàtọ̀ yìí dáadáa. Nínú ìwé tí a fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí pé kí Ukraine fọkàn balẹ̀, wọ́n sì yẹra fún èyí tí ó túmọ̀ sí pé àwọn dúró fún un. Ṣùgbọ́n nínú èyí tí a kọ ní èdè Ukraine àti ti Rọ́ṣíà, ọ̀rọ̀ onígbọ̀wọ́ gan-an ni ó wà níbẹ̀. Ìwé kan náà, ìlérí méjì. Ẹni tí ó bá ti dúró fún ẹnikẹ́ni rí ní báǹkì yóò mọ̀ pé irú àyè báyìí ni ẹni tí ó gbọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún ara rẹ̀ kí ó lè rí ibi yọ sí.

Wọ́n sì gba ibẹ̀ yọ ní ọdún 2014. Rọ́ṣíà gba Crimea, ìjà sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlà-oòrùn Ukraine. Wọ́n fi òfin de àwọn ènìyàn kan àti àwọn báǹkì kan, wọ́n sọ̀rọ̀ líle, ṣùgbọ́n òwò kò dúró. Jámánì bá Rọ́ṣíà ṣe ọ̀pá gáàsì tuntun gba abẹ́ òkun, wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 2021, ó sì di ọjọ́ méjì ṣáájú ìkọlù ti ọdún 2022 kí olórí ìjọba Jámánì, Olaf Scholz, tó dá a dúró. Olè ti kó ẹrù ilé kejì, àwọn ará àdúgbò ṣì ń bá a ná ọjà.

Nítorí náà, nígbà tí a bá ń gbọ́ pé àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń ṣàánú Ukraine, ọ̀rọ̀ àánú yẹn kì í tètè wọ̀ wá létí. Ìtọrẹ àánú ni ohun tí aláàánú ará Samáríà ṣe, ẹni tí kò mọ ọkùnrin náà rí, tí kò ṣèlérí ohunkóhun fún un. Ẹni tí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ onílé pẹ̀lú ìlérí, tí ó wá dá ọ̀pá padà nígbà tí olè ti wọlé, gbèsè ni ó ń san.

A kò fẹ́ fojú kéré ohun tí wọ́n ṣe. Ní oṣù Kìíní ọdún 2022, Jámánì ṣèlérí àṣíborí 5,000 fún àwọn ọmọ ogun Ukraine, ayé sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Kí oṣù tí ó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti yí òfin tí wọ́n ti ń pa mọ́ tipẹ́ padà, wọ́n ń fi ohun ìjà ránṣẹ́. Wọ́n ti owó báǹkì àpapọ̀ Rọ́ṣíà tí ó wà lókè òkun pa, nǹkan bí 300 bílíọ̀nù dọ́là, ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà. Wọ́n yọ àwọn báǹkì kan ní Rọ́ṣíà kúrò nínú ọ̀nà tí àwọn báǹkì ayé ń gbà ránṣẹ́ sí ara wọn. Èyí kì í ṣe ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Josep Borrell, tí ó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, sọ òótọ́ kan tí ó korò ní ilé ìgbìmọ̀ wọn. Ó ní àwọn ti fún Ukraine ní bílíọ̀nù kan yúrò, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ogun ti bẹ̀rẹ̀, bílíọ̀nù 35 ni àwọn ti san fún Rọ́ṣíà fún epo àti gáàsì. Ẹ wò ó! Wọ́n ra ẹgba fún ẹni tí ń lu ènìyàn ní ìlọ́po márùndínlógójì owó tí wọ́n fi ra oògùn fún ẹni tí wọ́n ń lù.

Ó yẹ kí a sọ ìdí rẹ̀. Bí wọ́n bá ti epo Rọ́ṣíà pa lójijì, owó epo ìbá fò sókè ní gbogbo ayé, àwọn tálákà ni ìbá sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Nítorí náà ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n kan ní oṣù Kejìlá ọdún 2022: kí epo náà máa ṣàn, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ wọn má gbé e, kí iléeṣẹ́ adójútòfò wọn má sì dúró fún un, bí iye rẹ̀ bá ju 60 dọ́là lọ lórí àgbá kan. Rọ́ṣíà rí ọkọ̀ ògbólógbòó mìíràn lò láti sá fún un. Síbẹ̀, ọgbọ́n tí ó ro ti ìyálọ́jà tí kò mọwọ́ tí kò mẹsẹ̀ ni, a sì yìn ín ju ìbínú tí ń ti gbogbo ọjà pa. Ọ̀rọ̀ àlìkámà náà rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2022, Túkì àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé bá Rọ́ṣíà àti Ukraine ṣe àdéhùn kí ọkọ̀ oúnjẹ lè gba Òkun Dúdú kọjá. Ó tó mílíọ̀nù 33 tọ́ọ̀nù oúnjẹ tí ó jáde kí Rọ́ṣíà tó yọwọ́ ní oṣù Keje ọdún 2023. Bóyá kò sí ohun mìíràn nínú gbogbo ìrànlọ́wọ́ ogun yìí tí ó kan ìkòkò ọbẹ̀ wa tó bẹ́ẹ̀.

Ti ohun ìjà wá ńkọ́? Àwọn arábìnrin wa kan sọ pé ẹni tí ó bá ń fi ìbọn ránṣẹ́ ló ń mú ogun pẹ́, pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, ogun á sì parí. Ọ̀rọ̀ ìyá ni, a kò gbọ́dọ̀ fi í ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ìjà ti parí. Bucha jẹ́ ìlú kékeré kan nítòsí Kyiv tí àwọn ọmọ ogun Rọ́ṣíà gbà. Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀ ní òpin oṣù Kẹta ọdún 2022, òkú tí wọ́n rí lé ní 400, ojú pópó ni àwọn mìíràn sùn sí. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 2023, Ilé-ẹjọ́ Àgbáyé fún Ìwà Ọ̀daràn ní Hague pàṣẹ pé kí wọ́n mú Ààrẹ Putin àti obìnrin kan tí ń jẹ́ Maria Lvova-Belova, lórí ẹ̀sùn pé wọ́n kó àwọn ọmọdé Ukraine lọ sí Rọ́ṣíà. Iṣẹ́ obìnrin náà ni láti máa gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọdé! Ilé tí a ti di onílé lẹ́nu lè dákẹ́ rọ́rọ́. A kò lè pe ìdákẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní àlàáfíà, kí a sì dúró níwájú Ọlọ́run.

Nínú ìwé Jẹ́nẹ́sísì, nígbà tí àwọn ọba kó Lọ́tì lọ, Ábúrámù kó àwọn ọmọ ilé rẹ̀ 318, ó lé wọn bá, ó sì gba Lọ́tì padà. Ohun méjì nínú ìtàn yẹn ni ó dá àwọn olùrànlọ́wọ́ òde òní lẹ́bi. Èkíní, Ábúrámù lọ fúnra rẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò lọ, ìdí wọn kì í sì í ṣe ojo lásán: bí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà bá kojú ara wọn pẹ̀lú bọ́ǹbù átọ́mù, kò sí Badagry tàbí Ìbàdàn tí a ó sá sí. A gba ìdí yẹn. Ohun tí a kò gbà ni bí wọ́n ṣe ń ká okùn fún ẹni tí ń rì ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan: ọkọ̀ ogun onírin tí Ukraine bẹ̀bẹ̀ fún, ọdún 2023, ọkọ̀ òfúrufú F-16, ọdún 2024, owó tí ilé ìgbìmọ̀ Amẹ́ríkà fi oṣù púpọ̀ jiyàn lé lórí títí di oṣù Kẹrin ọdún 2024, nígbà tí àwọn tí wọ́n wà lójú ogun ń ka ìbọn tí ó kù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí kò fẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ sílẹ̀ kò yẹ kí ó máa fi ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn díwọ̀n sùúrù rẹ̀.

Èkejì, nígbà tí ọba Sódómù ní kí Ábúrámù kó ẹrù, ó kọ̀, kò gba fọ́nrán òwú, kò gba okùn bàtà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, Ààrẹ Trump béèrè pé kí Ukraine fi ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀ rẹ̀ san padà fún Amẹ́ríkà. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin rọ̀ ju ohun tí ó kọ́kọ́ béèrè lọ. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ìwé 1994. Onígbèsè ni ó ń béèrè owó lọ́wọ́ ẹni tí ó jẹ ní gbèsè.

Ohun kan wà tí a kò lè ṣe àmín sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ni wọ́n fi fún. Ní oṣù Keje ọdún 2023, Amẹ́ríkà fún Ukraine ní bọ́ǹbù tí ń tú àwọn bọ́ǹbù kéékèèké ká. Orílẹ̀-èdè tí ó lé ní 100 ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀ nínú àdéhùn ọdún 2008, nítorí pé àwọn tí kò bá bú nínú wọn á wà nílẹ̀ títí, ọmọdé á sì rí wọn he lẹ́yìn ogun. Rọ́ṣíà ti ń lò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tí kò ì bá tíì bí ni yóò tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ìjọ pàápàá kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà. Kirill, olórí Ìjọ Orthodox ti Rọ́ṣíà, ti ogun náà lẹ́yìn, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ó sì wàásù pé ikú ọmọ ogun lẹ́nu iṣẹ́ yìí ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ nù. Àwọn ìyá ni ó gbọ́ ìwàásù yẹn, àwọn tí ọmọ wọn wà lójú ogun. Kì í ṣe gbogbo wọn ni ó rán ọmọ wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tí ń wá iṣẹ́ sókè òkun, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Iléeṣẹ́ kan wà ní Alabuga, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí ó polówó iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ fún àwọn ọ̀dọ́mọbìnrin ilẹ̀ Áfíríkà láti ọdún 18 sí 22. Ìwé ìròyìn ti fi hàn ní ọdún 2024 pé púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n lọ bá ara wọn níbi tí wọ́n ti ń to dróònù tí a fi ń jagun. Bí ẹnikẹ́ni bá mú irú fọ́ọ̀mù bẹ́ẹ̀ wá sí ìjọ yín, ẹ béèrè ìlú tí iṣẹ́ náà wà àti ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ kí ọmọ tó gba ìwé ìrìnnà.

Lórí owó Rọ́ṣíà tí wọ́n tì pa, àwa tí a kọ èyí kò fẹnu kò. Ní ọdún 2024, àwọn orílẹ̀-èdè olówó méje kan pinnu pé èlé orí owó náà ni àwọn yóò fi dúró fún 50 bílíọ̀nù dọ́là tí àwọn yóò yá Ukraine. Àwọn kan nínú wa rántí Sákéù, wọ́n ní ẹni tí ó wó ilé ni ó yẹ kí ó tún un kọ́, kí wọ́n mú gbogbo rẹ̀. Àwọn mìíràn ní ẹni tí owó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ adájọ́ rẹ̀, pé lọ́jọ́ kan owó tiwa náà lè wà níbẹ̀. A fẹ́ kí sákíìtì kọ̀ọ̀kan jíròrò rẹ̀, kí ẹ sì kọ ìwé sí wa kí ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀ tó jáde. Ní ìpàdé àdúrà, a ó máa dárúkọ àwọn ìyá Ukraine, àwọn ìyá Rọ́ṣíà, àwọn ọmọ tí wọ́n kó lọ, àti Sudan, tí ogun rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, tí kò sì rí ìdá kékeré gbà nínú irú ìrànlọ́wọ́ yìí.