Orí Inú Dùùrù

Ní Ilé-Ifẹ̀ Oòdáyé, níbi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá, níbi tí olóògbé Akin Euba ti ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì, tí ó sì ń wá ọ̀nà tí dùùrù òyìnbó yóò fi máa fọhùn bí ìlù ilẹ̀ wa, ọ̀rinrin àsìkò òjò kì í ṣàánú dùùrù: a máa wú igi rẹ̀, a sì máa tú àtè rẹ̀. Nínú kíì 88 tí ó ní, funfun 52 àti dúdú 36, ọwọ́ lè kọ́ àwọn dúdú tí ó yọrí sókè, kí ìbòrí wọn sì ré.

Ohun tí ó ré yìí, ìbòrí ni, igi dúdú láyé àtijọ́, ike lọ́pọ̀ ìgbà lóde òní, tí a lẹ̀ mọ́ ọ̀pá igi gígùn kan tí ó wọ inú dùùrù lọ, tí ojú kì í rí, ṣùgbọ́n tí ó jẹ́ pé òun gan-an ní ń rán òòlù kékeré níṣẹ́ lọ sí ara wáyà. Ẹni tí ń tún un ṣe á fi ooru rọ àtè, á yọ ìbòrí, á ha ojú igi mọ́, á lẹ tuntun mọ́ ọn. Kò sì jẹ́ gbé ọ̀pá kan sí ipò èkejì, nítorí oníkálukú ló ní nọ́ńbà tirẹ̀ lára.

Ta ni yóò rí èyí tí kò ní rántí orí òde àti orí inú? Orí inú ni àkúnlẹ̀yàn, àkúnlẹ̀yàn òun ni àdáyébá. Ìtàn Ifá ní Oríṣèékú àti Orílèémèrè gbé orí tí kò jinná nílé Àjàlá Alámọ̀ tí ń mọ orí, tí òjò sì pa amọ̀ rẹ̀ ṣí dànù lọ́nà ayé, nígbà tí ti Afùwàpẹ́, ọmọ Ọ̀rúnmìlà tí ó rúbọ, dúró gbọn-in.

Ṣùgbọ́n àwa ọmọ aráyé, bí iṣẹ́ bá bọ́, bí owó bá tán, a ti sáré kígbe pé orí burú. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀: ìbòrí lásán ni iṣẹ́ àti owó. Kíì tí ìbòrí rẹ̀ ré, ẹ tẹ̀ ẹ́ wò: ohùn rẹ̀ kò yẹ̀. Òótọ́ ni pé ike kò gba ìka tí ó làágùn dáadáa bí igi dúdú, ọ̀jáfáfá atẹdùùrù yóò sì ráhùn. Ìráhùn ìka nìyẹn, kì í ṣe ti ohùn.

Ibì kan wà, síbẹ̀, tí ọ̀rọ̀ dùùrù ti yà kúrò lára ti ènìyàn. Bí ọ̀pá abẹ́ bá là, a lè gbẹ́ òmíràn, kí a kọ nọ́ńbà àtijọ́ sí i, kí ohùn sì padà. Oríṣèékú kò rí ọ̀nà gbà padà sílé Àjàlá. Ẹbọ, ẹsẹ̀ (ìyẹn akitiyan) àti ìwà pẹ̀lẹ́ tí àwọn babaláwo ń tọ́ka sí, ìtọ́jú orí ni gbogbo wọn. Wọn kì í pààrọ̀ rẹ̀.