ẸNI TÍ ỌWỌ́ RẸ̀ WÚWO

Bíbélì kíkà: Ẹ́kísódù orí 17, ẹsẹ 8 dé 13.

Ẹ̀kọ́ wa dá lórí àárẹ̀. Kì í ṣe àárẹ̀ ẹni tí ó roko di ìrọ̀lẹ́, tí ó wẹ̀, tí ó jẹun, tí ó sùn, tí ara rẹ̀ sì yá ní òwúrọ̀. Èyí tí mo ń wí ni àárẹ̀ tí a sùn tì í, tí a jí bá a.

Àwọn arábìnrin kan mọ ohun tí mò ń sọ. Obìnrin náà yóò jí bí ẹni tí ó ru ẹrù ní gbogbo òru. Èjìká ń dùn ún, ẹ̀yìn ń dùn ún, itan ń dùn ún. Yóò gbé ọmọ odó, apá kò gbà. Yóò wọ yàrá lọ mú nǹkan, yóò gbàgbé ohun tí ó wá mú. Ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, wọ́n ya àwòrán egungun, wọn kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ó délé, ìyá ọkọ ní, "Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀lẹ ni." Ó dé ilé àdúrà, ẹnìkan tún ní, "Arábìnrin, lọ jẹ́wọ́ ohun tí o ṣe." Ẹ gbọ́ o, ìrora kan, ẹ̀gàn méjì!

Ará, àìsàn yìí ní orúkọ. Fibromyalgie ni àwọn dókítà ń pè é ní èdè Faransé. Ní ọdún 1990, àwọn dókítà oríkèé ara ní Amẹ́ríkà kọ ìlànà tí wọn yóò fi máa dá a mọ̀. Nígbà náà, wọ́n ń tẹ ibi 18 lára aláìsàn. Bí gbogbo ara bá ti ń dùn ún fún oṣù mẹ́ta, tí ó sì ké ìrora ní ibi 11, wọ́n mọ̀ pé òun ni. Ní ọdún 2010 wọ́n tún ìlànà náà ṣe. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé: ṣé ó ń rẹ̀ ọ́? Ṣé oorun ń ṣe ọ́ láǹfààní? Ṣé o ń gbàgbé nǹkan? Àárẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ nílé, àwọn dókítà ti kọ ọ́ sínú ìwé pé ara àìsàn náà ni.

Báwo ló ṣe jẹ́? Ọlọ́run fi iṣan sínú ara wa tí ń gbé ìròyìn lọ sí ọpọlọ. Nínú àìsàn yìí, ó dà bí ìránṣẹ́ tí a ní kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tó wá ń pariwo kiri ìlú. Ohun kékeré kan ara, ọpọlọ gbọ́ ọ bí ohun ńlá. Nítorí náà ni àwòrán kò fi rí i, ṣùgbọ́n ìrora náà kì í ṣe irọ́. Kì í ràn. Kì í jẹ egungun. Kì í pa ènìyàn. Ó ń mú ọkùnrin, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ni a ń rí i lára wọn jù. A kò tíì ní oògùn tí ń mú un kúrò pátápátá, ṣùgbọ́n ohun tí ń dín in kù wà.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú Bíbélì tí a kà. Ísírẹ́lì ń bá Ámálẹ́kì jà. Mósè wà lórí òkè pẹ̀lú ọ̀pá Ọlọ́run. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà lókè, Ísírẹ́lì á borí. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, Ámálẹ́kì á borí. Ọwọ́ Mósè wá wúwo. Mósè tí Ọlọ́run bá sọ̀rọ̀ lójúkojú! Ta ni yóò ní kò nígbàgbọ́? Ta ni yóò pè é ní ọ̀lẹ? Áárónì àti Húrì kò bi í pé ẹ̀ṣẹ̀ wo ló dá. Wọn kò gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ṣe.

Èkíní, wọ́n gbé òkúta wá, Mósè jókòó. Ìgbàgbọ́ tí ó jókòó, ìgbàgbọ́ ni. Arábìnrin, ìwọ tí ara ń ni, wá òkúta tìrẹ. Pín iṣẹ́ rẹ sí wẹ́wẹ́, kí o sì sinmi láàrin rẹ̀. Má ṣe sọ pé ara yá lónìí, kí o wá fọ aṣọ gbogbo ilé tán. Ọjọ́ mẹ́ta ni wà á fi dùbúlẹ̀ san án. Ṣùgbọ́n má ṣe dùbúlẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú. Rìn díẹ̀, lọ́la kí o fi díẹ̀ kún un. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Sùn ní àkókò kan náà lálaalẹ́. Kí o sì kọ́kọ́ lọ rí dókítà, nítorí ibà àti àìtó ẹ̀jẹ̀ náà a máa mú àárẹ̀ wá. Oògùn tí ó bá fún ọ, má ṣe dà á nù nítorí ìran ẹnikẹ́ni. Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 19 sọ pé nígbà tí ó rẹ Èlíjà, áńgẹ́lì kò pàṣẹ ààwẹ̀ fún un. Oúnjẹ àti omi ló gbé wá, lẹ́ẹ̀mejì, ó sì jẹ́ kó sùn.

Èkejì, Áárónì gba ọwọ́ kan mú, Húrì gba èkejì. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ pọn omi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gba ọmọ odó lọ́wọ́ ìyá yín. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ ṣàánú ìyàwó yín. Ẹ̀yin olórí ìjọ, bí ìṣọ́ òru bá gùn, ẹ fún un ní àga; kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi tipá mú un kúnlẹ̀. Bí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, kó jókòó kọrin. Ẹ̀yin aríran, ẹ ṣọ́ra. Ní Jòhánù orí 9, àwọn ọmọ ẹ̀yìn bi Jésù pé ta ló dẹ́ṣẹ̀ tí a fi bí ọkùnrin kan ní afọ́jú. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá na aláìsàn pé òun ń lé ẹ̀mí jáde, ìyà ló fi jẹ ẹ́, kò wo ẹnikẹ́ni sàn.

Ẹ̀kẹta, wọn kò fi í sílẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Ibi tí ó le jù nìyí. Gbogbo wa la máa ń ṣàánú ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ní ọdún kejì, ó ti sú wa. Àìsàn yìí sì ń pẹ́. Ẹnìkan lè bi mí pé, "Baba, ṣé Ọlọ́run kò lè wò ó sàn ni?" Ó lè ṣe é, a kò sì ní dákẹ́ àdúrà. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù bẹ Olúwa nígbà mẹ́ta nítorí ẹ̀gún inú ara rẹ̀, oore-ọ̀fẹ́ ni Olúwa fi dá a lóhùn. Bí ìwòsàn bá pẹ́, kí ìfẹ́ wa má ṣe tètè rẹ̀ jù ú lọ. A kì í gbàdúrà fún ẹnìkan, kí a tún máa bú u.

Arábìnrin, ọ̀pá ṣì wà lọ́wọ́ rẹ. Sáàmù tí o kà lórí ẹní dé iwájú ìtẹ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tí a kà níwájú pẹpẹ. Ámálẹ́kì kò borí lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni Mósè kò dá nìkan dúró.

Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà. Olúwa Ọlọ́run wa, Ìwọ tí ó mọ ìrora tí ojú ènìyàn kò rí, fi agbára fún àwọn ìyá wa tí ó rẹ̀. Mú ẹ̀gàn kúrò ní ẹnu wa, fi ìrànwọ́ sí ọwọ́ wa, kí a lè dúró tì wọ́n títí oòrùn yóò fi wọ̀. Ní orúkọ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.