Ǹjẹ́ Ó Yẹ Kí Gbogbo Ìbéèrè Ní Ìdáhùn?

Àwọn baba wa sọ pé abéèrè kì í ṣìnà. Wọn kò sọ pé gbogbo ẹni tó bá béèrè ni yóò rí ìdáhùn gbà. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí ni irú ìbéèrè tí a bi lónìí, tí a tún bi lọ́la, tí kò sí ẹni tó dá wa lóhùn. Ṣé irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ń ṣe ènìyàn lóore, àbí àkókò lásán ni ó ń fi ṣòfò? Bí ó bá sì ń ṣeni lóore, ṣé bákan náà ni oore náà rí níbi gbogbo?

Ohun tó fa ọ̀rọ̀ yìí yọ ni àṣà kan tó ti gbilẹ̀ láàrin àwọn ọ̀dọ́ ní Ìkẹjà, Ọ̀gbà, Orégùn àti Agége, níbi tí ilé-iṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ní ìpínlẹ̀ Èkó. Bí òṣìṣẹ́ bá dé láti ibi iṣẹ́ òru, tí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti kúrò nílé ẹ̀kọ́, wọn a máa gbá géèmù lórí kọ̀ǹpútà. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí Ọ̀tígbà tí gbogbo ayé ń pè ní Computer Village kò jìnnà sí wọn. Ṣùgbọ́n oríṣìí géèmù kan wà tó yàtọ̀ sí ti bọ́ọ̀lù àti ti ìjà lásán. Ẹni tó ń gbá a a máa gbé ìgbé ayé ẹlòmíràn wọ̀ bí ẹ̀wù: a wọ inú igbó, a gun òkè, a ka ìwé tó bá nínú ilé àwọn ìjòyè, a sì bá ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀kan tó lókìkí nínú wọn ni ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls, tí ilé-iṣẹ́ Bethesda ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde ní ọdún 1994. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbá a tán, àríyànjiyàn ni ó kù, àríyànjiyàn náà a sì máa pẹ́ ju eré fúnra rẹ̀ lọ.

Kí ni wọ́n ń jiyàn lé lórí? Ẹ jẹ́ kí n mú méjì nínú ìbéèrè wọn wá. Méjèèjì ti inú Morrowind wá, èyí tó jẹ́ ẹ̀kẹta nínú ọ̀wọ́ náà, tó jáde ní ọdún 2002. Èkíní ni ti ẹ̀yà kan tí wọ́n ń pè ní Dwemer. Ọlọ́gbọ́n ni wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ irin àti ẹ̀rọ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ogun ń lọ lọ́wọ́ lórí òkè kan, gbogbo wọn parẹ́. Ilé wọn ń bẹ níbẹ̀, ẹ̀rọ wọn kò dákẹ́, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn di àwátì. Ẹnìkan ṣoṣo ni a rí tó ṣẹ́kù, Yagrum Bagarn, nítorí pé ó wà ní ìrìn àjò ní ọjọ́ náà. Bí a bá sì bi òun gan-an léèrè, ohun tó ń sọ ni pé òun kò mọ̀.

Èkejì ni ikú Nerevar, olórí ogun. Àwọn ará tẹ́ńpìlì sọ pé ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun ni ó pa á. Àwọn alárìnkiri tó ń gbé inú ilẹ̀ eérú sọ pé àwọn mẹ́ta tó jẹ́ agbà-ìmọ̀ràn rẹ̀, tí aya rẹ̀ wà nínú wọn, ni wọ́n pa á, kí wọ́n lè lo irinṣẹ́ àwọn Dwemer láti sọ ara wọn di òrìṣà. Ẹ sì kíyè sí i pé àwọn mẹ́ta yìí gan-an ni tẹ́ńpìlì ń sìn. Ọ̀kan nínú wọn, Vivec, wà láàyè nínú géèmù náà, ó sì sẹ́. Àwọn tó ṣe géèmù kò dá ẹjọ́ náà.

Àwọn àgbà kan a máa fi àwọn ọ̀dọ́ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní kí ni ó kan ọmọ Agége nínú ikú ẹni tí a kò bí rí. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín. Bí a bá fetí sí àríyànjiyàn náà dáradára, a ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yẹ kó wà lẹ́nu adájọ́. Ta ló sọ ọ́? Níbo ni ó wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀? Ṣé ojú rẹ̀ ni ó fi rí i, àbí etí ni ó fi gbọ́? Èrè wo ni yóò jẹ bí a bá gbà á gbọ́? Àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kì í sì í gba ẹ̀rí tẹ́ńpìlì láì gba ti àwọn alárìnkiri. Ẹni tó ti kọ́ láti fura sí ìtàn tí alágbára fi gbe ara rẹ̀ kò fi àkókò rẹ̀ ṣòfò.

Yàtọ̀ sí èyí, àṣà náà kì í ṣe àjèjì sí wa. Nígbà tí D. O. Fágúnwà tẹ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938, Àkàrà-Oògùn tó wá sọ ìtàn náà fún akọ̀wé parẹ́ mọ́ ọn lójú nígbà tó sọ ọ́ tán. Ènìyàn ha ni, àbí iwin? Níbo ni ó wọ̀ sí? Ìwé náà kò sọ, òǹkọ̀wé sì ti kú láti ọdún 1963. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ Odùduwà rí. Àwọn kan sọ pé ẹ̀wọ̀n ni ó fi rọ̀ láti òkè ọ̀run sí Ilé-Ifẹ̀. Àwọn mìíràn, tí Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní ọdún 1921, sọ pé láti Mẹ́kà, ní apá ìlà oòrùn, ni ó ti wá. A ti jiyàn lórí èyí títí, ìfẹ́ tí a ní sí ìtàn náà kò dín kù. Àlàfo tó wà nínú ìtàn ni ẹnu ọ̀nà tí olùgbọ́ ń gbà wọlé.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà níbẹ̀, mo sì fẹ́ kí a wò ó fínnífínní. Nínú ọ̀wọ́ kan náà, géèmù kan jáde ní ọdún 1996 tí wọ́n ń pè ní Daggerfall. Ó ní ìparí púpọ̀: bí o bá gbé agbára lé ọba kan lọ́wọ́, báyìí ni yóò rí, bí o bá gbé e lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ tẹ̀síwájú, wọn kò fẹ́ mú ọ̀kan kí wọ́n sì sọ ìyókù nù. Wọ́n ní gbogbo ìparí wọ̀nyí ni ó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n ńlá ni èyí nínú ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ọgbọ́n náà jáde kúrò nínú ìtàn, tó ń sọ fún wa pé gbogbo ẹnu ló ń sọ òtítọ́, pé òtítọ́ tèmi yàtọ̀ sí tìrẹ, ó ti fi ohun ìjà lé èké lọ́wọ́.

Ìyàtọ̀ tí mo rí ni èyí. Nínú ìtàn àtinúdá, ohun tí òǹkọ̀wé kò bá sọ kò sí níbì kankan. Kò sí yàrá kan níbi tí a tọ́jú òtítọ́ nípa ikú Nerevar sí. Bí o bá sọ pé ọgbẹ́ ni ó pa á, tí mo sì sọ pé aya rẹ̀ ni, kò sí ẹni tí a rẹ́ jẹ nínú àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n nínú ayé tí a wà yìí, ohun tó ṣẹlẹ̀ ti ṣẹlẹ̀, yálà a mọ̀ ọ́n tàbí a kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ̀rọ bá gé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kan, tí ọ̀gá sọ pé òun fúnra rẹ̀ ni kò ṣọ́ra, tí òṣìṣẹ́ náà sì sọ pé wọ́n ti yọ irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ kúrò, méjèèjì kò lè jẹ́ òtítọ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Boya irin náà wà níbẹ̀, boya kò sí. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín músẹ́ tó ní kálukú ní ojú tí ó fi ń wo nǹkan, ti ọ̀gá ni ó ń ṣe, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìkẹjà fúnra rẹ̀ ní irú ìbéèrè yìí kan tó wúwo ju gbogbo èyí lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kíní, ọdún 2002, iná ran ibi tí àwọn ológun ń kó àdó olóró pamọ́ sí ní bárékè Ìkẹjà. Ilẹ̀ mì, gíláàsì fèrèsé fọ́ ní ọ̀nà jíjìn, àwọn ènìyàn sì rò pé ogun ti dé. Wọ́n ń sá láìmọ ibi tí wọ́n ń sá lọ. Nínú òkùnkùn, ọ̀pọ̀ nínú wọn já sínú omi kànáàlì ní Òkè-Àfà, lápá Ìsọlọ̀, nítorí koríko ti bo ojú omi náà tó fi dàbí ilẹ̀. Ọmọdé pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. A mọ̀ pé àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ṣùgbọ́n iye wọn gan-an, kò sí ẹni tó lè sọ ọ́ tí gbogbo ènìyàn yóò gbà. Ohun ìrántí wà ní Òkè-Àfà títí di òní, ṣùgbọ́n ìdílé wà tí kò rí òkú ọmọ wọn sin.

Ọdún 2002 kan náà ni Morrowind jáde. Ìbéèrè àwọn Dwemer àti ìbéèrè Òkè-Àfà jọ ara wọn ní ojú: ọ̀pọ̀ ènìyàn wà ní òwúrọ̀, wọn kò sí mọ́ ní alẹ́, a sì ń béèrè ibi tí wọ́n wà. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n jọra kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àlàfo àwọn Dwemer ni òǹkọ̀wé dá sílẹ̀ fún ìgbádùn wa, kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Àlàfo Òkè-Àfà ní ènìyàn nínú. Kò sí ìyá Dwemer kankan ní Agége tó ń wo ọ̀nà. Iye kan wà tó jẹ́ iye àwọn òkú náà, orúkọ kọ̀ọ̀kan sì wà, bí ìwé tí a kọ wọ́n sí kò tilẹ̀ sí. Nítorí náà, nínú ìtàn, a ní àǹfààní láti fi ọgbọ́n orí wa dí àlàfo. Ní Òkè-Àfà, a kò ní i. Ohun tí a ní níbẹ̀ ni gbèsè: ẹni tó bá mọ̀ jẹ ẹni tí kò mọ̀ ní gbèsè ọ̀rọ̀, àwa tó kù sì jẹ àwọn òkú ní gbèsè ìbéèrè.

Ẹnìkan lè sọ pé ó ti pẹ́, kí a má ṣe tú ojú egbò. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n egbò tí a kò wẹ̀ kì í jinná, a kàn fi aṣọ bò ó ni. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Àmọ́ òtítọ́ kì í fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, ènìyàn ni ó ń gbé e. Ẹlòmíràn lè sọ pé bí bẹ́ẹ̀ bá ni, kí àwọn ọ̀dọ́ fi géèmù sílẹ̀. Èmi kò sọ bẹ́ẹ̀. Ìjàkadì tí àwọn ọmọdé ń jà lábẹ́ òṣùpá kì í ṣe ogun, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ bí a ti ń fi ẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó mọ bí a ti ń gbọ́ ẹ̀rí tẹ́ńpìlì àti ti àwọn alárìnkiri yóò mọ bí a ti ń gbọ́ ẹ̀rí ìjọba àti ti ará àdúgbò. Ohun tó kù ni kí ó rántí pé ní ibi kejì yìí, kò gbọdọ̀ fi ohun tí ó wù ú kún un.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ wa ni èdè. Àwọn tó sá ní ọjọ́ náà láti Ìkẹjà, Oshòdì àti Agége ti ń dàgbà, èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi ń rántí. Fóònù tí a fi ń gba ohùn sílẹ̀ wà lápò gbogbo wa. Ẹ jẹ́ kí a lọ bá wọn jókòó, kí a béèrè bí a ti ń béèrè nípa Nerevar: níbo ni ẹ wà, kí ni ojú yín rí, ta ni ẹ kò rí mọ́? Kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá ti sọ ọ́, pẹ̀lú orúkọ àwọn òkú bí ẹbí wọn bá fẹ́ bẹ́ẹ̀. Níbi tí ẹ̀rí bá ti ta kora, kí a kọ méjèèjì. Níbi tí kò bá sí ẹ̀rí, kí a kọ pé a kò mọ̀, kí a sì máa béèrè lọ.