Ẹṣin Tí Kò Lè Sọ Pé Rárá

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan ló ń dà mí láàmú láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo sì fẹ́ ká jọ rò ó. Bí a bá fi ẹranko tí kò lè sọ pé òun ò ṣe ran abirùn lọ́wọ́, ṣé oore la ṣe, àbí ìrẹ́jẹ?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ níbi tó dùn. Ẹni ọdún 23 ni Lis Hartel, ọmọ ilẹ̀ Denmark, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú lọ́dún 1944, tòun ti oyún nínú. Ó bí ọmọ náà ní àlàáfíà, ṣùgbọ́n láti orúnkún dé ìsàlẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́. Obìnrin yìí tún padà sórí ẹṣin. Lọ́dún 1952, ní Òlíńpíìkì Helsinki, ó gba fàdákà nínú dressage, ìyẹn ìdíje tí ẹṣin ti ń gbẹ́sẹ̀ bí oníjó sí àṣẹ ẹni tó gùn ún. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ gbà kí obìnrin bá ọkùnrin du ú. Ńṣe ni wọ́n ń gbé e gun ẹṣin, tí wọ́n ń gbé e sọ̀kalẹ̀. Henri Saint Cyr, ará Sweden tó gba góòlù, ló ràn án lọ́wọ́ dórí pèpéle. Lọ́dún 1956, ó tún gba fàdákà míì.

Jubilee lorúkọ ẹṣin rẹ̀. Ti Jubilee yìí ni mo máa ń rò jù. Ẹsẹ̀ làwọn yòókù fi ń bá ẹṣin sọ̀rọ̀; ẹ̀yìn àti ìwúwo ara ni Hartel fi ń bá tirẹ̀ sọ ọ́. Ẹṣin náà ní láti kọ́ èdè míì.

Lọ́dún 1969, ẹgbẹ́ Riding for the Disabled Association bẹ̀rẹ̀ ní Ìlú Ọba, irú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún kan náà. Iṣẹ́ náà kì í ṣe idán. Bí ẹṣin bá ń rìn, ó ń mi ìbàdí ẹni tó gùn ún síwá sẹ́yìn, sọ́tùn-ún sósì, sókè sódò, bí ìgbà tí olúwa rẹ̀ ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn. Ọmọ tó ní cerebral palsy, tí iṣan rẹ̀ le gbagidi, á máa wá bí yóò ṣe jókòó láìṣubú. Kò wo àrùn sàn o. Ṣùgbọ́n ọmọ tí gbogbo ayé ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó bá sọ̀rọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ arọ, òun ló wá ń wo àtàrí wọn láti òkè yìí. Ìyẹn nìkan tó nǹkan, jàre.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní hostel gbọ́, ó ní, "Ẹrú ni wọ́n sọ ẹṣin dà, wọ́n wá ń pè é ní dókítà. Ta ló bi í léèrè?" Mo ní ṣé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ súyà tán ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Èsì yẹn ò dáa, mo mọ̀. Pé à ń ṣe ohun tó burú ju èyí lọ kò sọ èyí di rere.

Àwọn kan á ní, "Inú ẹṣin náà ń dùn sí i." Ta ló sọ fún wọn? Ẹ sì wò ó, gbólóhùn yìí kan náà la máa ń sọ nípa ọmọ tó wà lórí rẹ̀. Hartel fúnra rẹ̀ ló fẹ́ gùn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí kò lè sọ̀rọ̀, tí a gbé ka gàárì, tí a ń ya fọ́tò rẹ̀, ta ló bi òun náà léèrè? Ẹni tó gùn àti èyí tí wọ́n gùn, àwa ẹlẹ́nu là ń gba ẹnu àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n èmi ò gbà pé ẹni tí kò lè sọ pé rárá kò ní rárá nínú. Ẹṣin tó da etí dé ẹ̀yìn, tó ń ju ìrù, tó ń sá fún gàárì, ó ti sọ̀rọ̀. Ọmọ tó gan pa, tó ń yíjú sí ìyá rẹ̀ ṣáá, òun náà ti sọ̀rọ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka wákàtí tí ẹṣin fi ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n ń wo ìwúwo ẹni tó fẹ́ gùn ún, tí wọ́n ń jẹ́ kó sinmi lọ́jọ́ tó bá kọ̀, èmi á pe ìyẹn ní oore. Ibi tí wọn ò bá ti ka nǹkan kan, ìrẹ́jẹ ni, bó ti wù kí ọmọ náà rẹ́rìn-ín tó.

Ní ọ̀pọ̀ ibi, wọ́n máa ń fẹ́ kí ọmọ fúnra rẹ̀ fún ẹṣin láṣẹ kó tó gbéra. Bí kò bá lè sọ̀rọ̀, ó lè fọwọ́ kàn án lọ́rùn jẹ́jẹ́. Gbogbo wọn á dúró dè é, ẹni tó di ìjánu mú, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹṣin pàápàá. Nígbà míì, ó máa ń pẹ́.