Ìṣirò Tí Kò Yé Olówó

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá ẹjọ́ kan. Ẹ fún ẹnì kan lówó, ẹ rán an lọ́jà. Ó padà dé, ó ṣírò owó náà fún yín délẹ̀délẹ̀, kò yọ kọ́bọ̀ kan níbẹ̀. Àmọ́ èdè tí ẹ kò gbọ́ ló fi ṣírò rẹ̀. Ṣé onítọ̀hún ti jíhìn, àbí kò tíì jíhìn? Kò purọ́ o. Kò fi nǹkan kan pa mọ́. Síbẹ̀, ẹ kò mọ ibi tí owó yín wọlẹ̀ sí.

Ẹjọ́ yìí kò jìnnà sí wa. Àwa tí à ń gbé Mowé àti Ìbàfò, tí a ń jí lọ Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́ nítorí gósúlóò, àti àwọn ará wa ní Ifọ̀ lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, ta ni kò mọ àdúgbò tó ń di odò bí òjò bá ti rọ̀? Lọ́dọọdún ni ìjọba àpapọ̀ ń gbé ìwé ètò ìnáwó jáde, tí iṣẹ́ oríṣiríṣi sì máa ń wà nínú rẹ̀ fún ẹkùn kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìwé ọ̀hún nípọn, òǹkà ló kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ta ló fẹ́ kà á tán?

Mo bá aládùúgbò mi kan tó jẹ́ káfíńtà sọ ọ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti sọ tiwọn. Ẹni tí kò bá yé, kó wá ẹni bá a kà á.” Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Àmọ́ ta ni yóò bá a kà á? Akọ̀ròyìn mọ ìbéèrè bèèrè, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ká ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà òǹkà. Onímọ̀ kọ̀ǹpútà lè to òǹkà jọ kíá, ṣùgbọ́n kò mọ èyí tó yẹ kó bèèrè níbẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbé igbá dórí.

Èyí ni Burt Herman, akọ̀ròyìn kan ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ Hacks/Hackers sílẹ̀ láti 2009, kí àwọn méjèèjì lè máa jókòó pọ̀. Ẹgbẹ́ náà ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú lágbàáyé. Ní 2016, nígbà tí àṣírí Panama tú, ìwé tó jáde lé ní mílíọ̀nù 11. Akọ̀ròyìn tó lé ní 370 ló jọ yẹ̀ ẹ́ wò, Premium Times sì wà níbẹ̀ láti Nàìjíríà. Láìsí ẹ̀rọ tí àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń wá orúkọ láàárín ìwé rẹpẹtẹ yẹn, wọn ìbá ṣì máa kà á títí dòní.

Nílé níbí ńkọ́? Olúṣeun Onígbìnde, ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ní yunifásítì àgbẹ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta, àti Joseph Agunbiade, ni wọ́n dá BudgIT sílẹ̀ ní 2011 ní Yábàá. Wọ́n sọ ètò ìnáwó di àwòrán tí ọmọ ilé ìwé lè lóye. Láti 2014 ni Tracka, ẹ̀ka wọn kan, sì ti ń rán ènìyàn lọ wò ó bóyá iṣẹ́ tó wà nínú ìwé wà lójú ilẹ̀.

Iṣẹ́ àtijọ́ kúkú ni. Ní 1859, Henry Townsend tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà níbẹ̀, akọ̀wé wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá tó fi kọ ọ́ ló jẹ́ kí àwọn ará ìlú máa fi 120 owó ẹyọ rà á. Ohun tó bá yéni là ń ná owó lé.

Ṣùgbọ́n kí á má tan ara wa o: ẹ̀rọ kì í tijú. Irọ́ tí wọ́n jù sórí WhatsApp ní Mowé á ti dé Ifọ̀ kí mọ́tò tó kúrò ní gáréèjì. Ìdí nìyí tí ẹ̀rọ fi nílò ẹni tí yóò máa bèèrè pé, “Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ṣé ó ṣojú rẹ̀?”

Ìdájọ́ tèmi rèé: àìpurọ́ kò tó. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ òun kò yéni, tó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti fi òótọ́ pa mọ́ ní gbangba. Àmọ́ ààrò mẹ́ta ni kì í da ọbẹ̀ nù. Akọ̀ròyìn jẹ́ ọ̀kan, onímọ̀ kọ̀ǹpútà jẹ́ ọ̀kan, àwa ará ìlú ni ẹ̀kẹta. Òfin òmìnira ìròyìn ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láyè láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba láìsọ ìdí, wọ́n sì gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ní 2025, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé òfin náà mú gbogbo ìpínlẹ̀, tó fi mọ́ Ògùn tiwa.

Nítorí náà, ẹni tí ẹ rán lọ́jà yẹn, ẹ pè é padà. Ẹ ní kó tún un ṣírò, kó sì fi èdè tí ẹ gbọ́ ṣe é. Owó yín ni.