Òkun Ti Ní Mínísítà, Ojú Ta Ló Ń Tì?

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìjọba Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú dá iléeṣẹ́ tuntun sílẹ̀ láti máa rí sí ọ̀rọ̀ òkun àti ọrọ̀ inú rẹ̀. Adégbóyèga Oyètọ́lá, gómìnà Ọ̀ṣun tẹ́lẹ̀, di mínísítà rẹ̀ àkọ́kọ́. Inú mi dùn sí i. Orílẹ̀-èdè tí etí òkun rẹ̀ gùn tó nǹkan bíi 850 kìlómítà kò yẹ kó máa fi ọ̀rọ̀ òkun sẹ́yìn. Síbẹ̀, ọkàn mi kò balẹ̀. A ti dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ rí, a tún dá òmíràn sí i. Ẹni tí ojú ń tì láti jẹ owó ìlú ló ṣọ̀wọ́n láàárín wa.

Ẹ wo Ayétòrò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọdún 1947 ni àwọn ọmọ ìjọ Kristẹni kan, àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́, tẹ̀ ẹ́ dó sí etí òkun. Wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni ní àpò tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ohun tí apẹja bá pa, ti gbogbo ìlú ni. Ohun tí ahunṣọ bá hun, ti gbogbo ìlú ni. Nínú àpò kan ṣoṣo yẹn ni wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rówó fa iná mànàmáná, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú tó jù wọ́n lọ ṣì ń tan àtùpà. N kò sọ pé kí gbogbo wa máa gbé bẹ́ẹ̀. Àwọn náà kò lè bá a lọ títí. Ṣùgbọ́n ẹ ronú sí irú ọkàn tó lè kó gbogbo ohun tó ní sọ́wọ́ aládùúgbò, kó sì sùn dáadáa.

Ìlú yẹn ni òkun ń jẹ. Ó ti gbé ilé, ó ti gbé ilé ẹ̀kọ́, kò sì dá itẹ́ òkú sí. Àwọn tó kù ń tú pákó ilé wọn, wọ́n ń sún sẹ́yìn, omi sì ń tẹ̀lé wọn. Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ̀. NDDC, àjọ ìdàgbàsókè agbègbè Niger Delta, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2000 nítorí irú ìyà báyìí gan-an, gbé iṣẹ́ ìdènà omi náà jáde ní 2004. Nígbà tó yá, wọ́n gbà á lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn. Bílíọ̀nù náírà ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ní 2024, tó pé ogún ọdún, àwọn ará Ayétòrò ṣì ń ké sí ayé pé kò sí ohunkóhun láàárín ilé wọn àti ìgbì.

Ta ni ojú ń tì nínú ọ̀rọ̀ yìí? Tí a bá ń wádìí ilé ẹni tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wa láyé àtijọ́, ọ̀kan lára ohun tí a máa ń béèrè ni bóyá wọ́n ń jalè nílé náà. Olè kan ṣoṣo tó láti ba ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó jẹ́ fún gbogbo ọmọ ilé. Lónìí, ẹni tó gba owó iṣẹ́ tí kò ṣe ni a ń fi joyè, òun ni a ń fún ní àga iwájú nínú ìsìn, òun náà la fi ń ṣe alága ìkówójọ. Àwa fúnra wa la mú ìtìjú kúrò lọ́rùn rẹ̀.

Dídá àjọ sílẹ̀ nìkan kò sì lè dá ìtìjú padà. Ní 1988, nígbà tí wọ́n kó àgbá ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá sí ìlú Kókó, ní ìpínlẹ̀ Delta òní, inú ọgbà onílé kan níbẹ̀ ni wọ́n tò ó sí, fún owó tí kò ju nǹkan bíi ọgọ́rùn-ún dọ́là lóṣù. Ìbínú ọ̀ràn náà ló bí FEPA, àjọ ìjọba àpapọ̀ fún ààbò àyíká, lọ́dún yẹn kan náà. Lẹ́yìn FEPA ni NOSDRA, tó wà fún ọ̀rọ̀ epo tó bá dà sílẹ̀, dé ní 2006, NESREA, tó wà fún òfin àyíká, sì tẹ̀lé e ní 2007. Orúkọ ń pọ̀ sí i, epo àti ọ̀rá kò kúrò lójú omi.

Ẹ má jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi ru àwọn tó wà l'Ábújá. Gamalín, oògùn kòkòrò tí àgbẹ̀ máa ń fọ́n sí kòkó tẹ́lẹ̀, àwọn apẹja kan ti sọ ọ́ di ohun ìpẹja. Wọ́n á dà á sódò lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹja á ti yí ikùn funfun sókè, ńlá àti kékeré, títí dé èyí tí kò tó ìka ọmọdé. Wọ́n á ṣa èyí tó ṣeé tà, ìyókù á jẹrà síbẹ̀. Èyí tí wọ́n ṣà ni wọ́n ń yan, tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé wọ́n ń sè é fún ọmọ tiwọn?

Bẹ́ẹ̀, nínú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, èèwọ̀ ni pípa ẹja odò Ọ̀ṣun. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ odò náà nígbà tí àwọn baba wa ń pa èèwọ̀ yìí mọ́. Lónìí, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di pupa bí ẹrẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kkí, níbi tí àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Mínísítà tó ti ṣe gómìnà Ọ̀ṣun kò nílò kí a júwe ọ̀nà odò yẹn fún un.

Ẹ̀yin ọba wa, ẹ̀yin olórí ìjọ àti lèmọ́mù, kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni joyè, ẹ béèrè iṣẹ́ tó gbà àti èyí tó ṣe. Kí mínísítà sì béèrè ìwé iṣẹ́ Ayétòrò lọ́wọ́ NDDC, kó tẹ̀ ẹ́ jáde: ta ló gba owó, èló ló gbà, kí ló fi ṣe. Kí wọ́n kọ́kọ́ kà á sétí àwọn ará Ayétòrò.